KÌNNÌÚN ÀLEJÒ NÍ ẸNU Ọ̀NÀ ÌLÚ

Ọ̀ràn kan wà tí a ti ń fi ojú fò dá láti ọjọ́ pípẹ́, tí a sì rò pé yóò kásẹ̀ nílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí tí ó ti di ohun tí a fẹ́ fi owó ìlú ṣe, a kò lè dákẹ́ mọ́. Ní ọ̀kan nínú àwọn ìlú wa, èyí tí a kò ní dárúkọ nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kò tí ì parí láàárín wọn, ìgbìmọ̀ àwọn ọmọ ìlú ti dá owó jọ láti fi ṣe ẹnu ọ̀nà ìlú lọ́ṣọ̀ọ́. Èrò náà dára, a sì kí wọn fún un. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi owó náà rà ni kò dára: kìnnìún méjì tí ilé iṣẹ́ kan ní òkè òkun fi fáíbà dà nínú mọ́ọ̀dù, tí a ó fi ọkọ̀ ojú omi kó wá, tí a ó sì gbé ọ̀kan sí apá ọ̀tún títì, tí a ó gbé èkejì sí apá òsì, lórí koríko tí a gbìn. Wọ́n fi àwòrán wọn hàn wá. Wọ́n ní kí a wo bí wọ́n ti jọ kìnnìún alààyè tó, títí dé irun imú wọn.

Àwa kò fọwọ́ sí i, a ó sì sọ ìdí rẹ̀ ní gbangba.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a kórìíra ère, tàbí pé a ń bá kìnnìún jà. Kìnnìún kì í ṣe àjèjì sí èdè wa. Àwọn ọdẹ ilẹ̀ ọ̀dàn, ní ìhà Ọ̀yọ́ Ilé àti Ìbàrìbá, mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n ta ni ó rí kìnnìún rí nínú igbó Ìjẹ̀bú, tàbí igbó Oǹdó, tàbí láàárín àwọn òkè Èkìtì? Ẹkùn ni ó ni ibẹ̀. Awọ ẹkùn ni àwọn ọba ń jókòó lé, ẹkùn ni a ń fi kí akọni, ẹkùn ni ìyá ń pe ọmọ rẹ̀ ọkùnrin nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn sí i. Lónìí, ibi méjì péré ni kìnnìún kù sí nínú igbó ní gbogbo Nàìjíríà, èyí nì ni Kainji àti Yankari, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n sì kù níbẹ̀. Àwọn tí a fi símẹ́ńtì àti fáíbà ṣe ní ẹnu géètì àwọn ọlọ́rọ̀ wa, láti Èkó dé Ìbàdàn dé Àkúrẹ́, pọ̀ ju àwọn alààyè lọ ní ìlọ́po ìlọ́po.

Ẹ jẹ́ kí á wo kìnnìún ẹnu géètì yìí dáadáa, nítorí ó jọ pé àwọn tí ó ń rà á kì í wò ó. Irun ọrùn rẹ̀ ká lọ́nà kan náà bíi wíìgì adájọ́. Ẹnu rẹ̀ là, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó ń bínú sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbé ẹsẹ̀ iwájú kan lé bọ́ọ̀lù. Ìgbà wo ni kìnnìún bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù? A bi oníṣòwò kan tí ó ń tà wọ́n léèrè, ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Àwa yóò sọ ibi tí a ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ fún un. Ní Florence, ní ilẹ̀ Ítálì, kìnnìún òkúta méjì kan wà tí àwọn ará Yúróòpù ń fi orúkọ ìdílé Medici pè. Iṣẹ́ àwọn ará Róòmù àtijọ́ ni ọ̀kan; èkejì ni Flaminio Vacca gbẹ́ ní òpin ọ̀rúndún 16 kí ó lè bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba. Àwọn ọba àti àwọn ìjòyè Yúróòpù rí i, wọ́n ṣe irú rẹ̀ sí ọgbà wọn. Àwọn ọlọ́rọ̀ rí ti ìjòyè, wọ́n ṣe tiwọn. Àwọn ilé iṣẹ́ rí i pé ó ń tà, wọ́n gbé mọ́ọ̀dù kalẹ̀. Àwọn ará Ṣáínà pẹ̀lú ní kìnnìún tiwọn, akọ rẹ̀ a máa fi ẹsẹ̀ tẹ bọ́ọ̀lù, abo rẹ̀ a máa fi ẹsẹ̀ tẹ ọmọ. Bọ́ọ̀lù náà ní ìtumọ̀ fún àwọn tí ó ni ín. Ní ẹnu ọ̀nà ìlú wa, kò ní ìtumọ̀ kankan. Àwòṣe tí a wò láti ara àwòṣe ni, àwọn tí ó sì dà á kò rí kìnnìún rí, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó rà á kò ti rí i.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi "ó jọ alààyè" tàn wá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, tí kìnnìún jẹ́ àmì ìjọba wọn, kò rí i ṣe láìsí àbùkù. Ní ọdún 1867 ni wọ́n gbé kìnnìún idẹ mẹ́rin kalẹ̀ sí ìdí òpó Nelson ní Trafalgar Square. Edwin Landseer ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, ẹni tí ó jẹ́ pé ọ̀dà àti aṣọ ni ó fi ń ya àwòrán, kì í ṣe agbẹ́re. Wọ́n fún un ní òkú kìnnìún láti ọgbà ẹranko London, ṣùgbọ́n òkú náà rà kí iṣẹ́ tó parí, ìtàn tí àwọn ará London sì ń sọ títí di òní ni pé ẹsẹ̀ ajá ni ó wò tí ó fi parí ẹsẹ̀ kìnnìún.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ní ọdún 1854, ní Sydenham ní gúúsù London, Benjamin Waterhouse Hawkins fi bíríkì, símẹ́ńtì àti irin mọ àwọn ẹranko ńláńlá àtayébáyé tí wọ́n ti run kúrò láyé, ó mọ wọ́n bí wọ́n ṣe tóbi gan-an, ó sì tò wọ́n sí etí omi láàárín igi, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde wá mu omi. Àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà ni ó tọ́ ọ sọ́nà. Ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní Iguanodon, ni wọ́n fi ìwo sí ní imú. Ní 1878 ni wọ́n hú egungun irú ẹranko náà lódindi ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ó sì hàn pé ohun tí wọ́n pè ní ìwo imú, àtàǹpàkò ọwọ́ rẹ̀ ni. Ǹjẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì fọ́ ère náà? Rárá o. Ó ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìwo imú rẹ̀, àti pé ní ọdún 2007 wọ́n gbé gbogbo àwọn ẹranko náà sí ipò gíga jùlọ nínú àwọn ohun tí òfin wọn ń dáàbò bò. Wọ́n ń pa àṣìṣe ọwọ́ ara wọn mọ́ bí ìṣúra. Àwa ńkọ́, tí ohun tí àwọn bàbá wa ṣe láìṣìṣe wà lábẹ́ èérún igi àti ìgbẹ́ ewúrẹ́?

A dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn wá jùlọ. Ní ọdún 1924 àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe àfihàn ńlá kan ní Wembley, níbi tí wọ́n ti kó àwọn ohun tí ó ti gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ń jọba lé lórí wá sí ojú kan. Kìnnìún ni wọ́n fi ṣe àmì àfihàn náà. Ní iwájú ilé tí ó jẹ́ ti ìjọba wọn gan-an ni wọ́n gbé àwọn kìnnìún ńláńlá tí Benjamin Clemens fi kọnkéré ṣe kalẹ̀ sí. Ní ilé tí ó jẹ́ ti Nàìjíríà níbẹ̀, ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ wà lára ohun tí a fi hàn, èyí tí Olówè ará Ìsẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́: Ọba jókòó nínú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ayaba àti àwọn ènìyàn rẹ̀, òyìnbó sì ń bọ̀, àwọn tí ó gbé e ń làágùn lábẹ́ rẹ̀. Àwọn aláṣẹ ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti London rí ilẹ̀kùn náà, wọ́n fẹ́ rà á. Ọba kò tà á. Ṣùgbọ́n ní ìgbẹ̀yìn wọ́n fi pààrọ̀ àga ìtẹ́ kan tí a kàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilẹ̀kùn náà wà ní London títí di òní olónìí. Òpó kan tí Olówè gbẹ́ fún ààfin kan náà, ti Ọba lórí ìtẹ́ tí ayaba dúró lẹ́yìn rẹ̀, wà ní Chicago ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti 1984.

A kò dá Ọba àná lẹ́jọ́. Ẹni tí aláṣẹ bá bẹ̀, kò ní ọ̀nà púpọ̀ láti sá sí. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ti rí: ilẹ̀kùn wa lọ, àga wọn wá. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, nígbà tí kò sí ẹni tí ó ń fi agbára mú wa mọ́, àwa fúnra wa ń dá owó jọ láti lọ ra kìnnìún kọnkéré náà wá láti fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tí ilẹ̀kùn ti kúrò.

Ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ náà sọ fún wa pé, "Ẹ̀yin ará, àwọn bàbá wa kò mọ bí a ti ń ṣe ẹranko kí ó jọ alààyè." Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ dáhùn ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí pé ẹni tí ó sọ ọ́ kàwé.

Ní 1668, Olfert Dapper, ará Họ́láǹdì, tẹ ìwé kan jáde nípa ilẹ̀ Áfíríkà. Òun tìkára rẹ̀ kò dé ìlú Bìní. Àwọn tí ó dé ibẹ̀ ni ó kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Ó kọ ọ́ pé ilé ìṣọ́ ṣóńṣó wà lórí òrùlé ààfin Ọba, àti pé ẹyẹ tí a fi idẹ dà dúró sí ṣóńṣó wọn pẹ̀lú ìyẹ́ nínà, tí a fi ọgbọ́n ṣe kí ó lè jọ ẹyẹ alààyè. Àwọn tí ó dé lẹ́yìn náà rí ejò idẹ ńlá tí ó ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òrùlé, orí rẹ̀ sísàlẹ̀. Ní 1897 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì jó ìlú náà, tí wọ́n sì kó ohun ààfin lọ. Orí àwọn ejò wọ̀nyí wà káàkiri nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ẹlòmíràn. Ní gbangba ni àwọn ẹranko wọ̀nyí wà, lábẹ́ òjò àti oòrùn, níwájú ẹni tí ó ń bọ̀ àti ẹni tí ó ń lọ. Bí àwọn Ẹ̀dó bá ń bínú sí wa pé a ń ka tiwọn mọ́ tiwa, ẹ jẹ́ kí á wá sí Ilé-Ifẹ̀, níbi tí ìtàn ní Ọ̀rànmíyàn ti gbéra lọ bá wọn.

Ní Ifẹ̀, ní ojú oórì Ọ̀ọ̀ni Lafogido, Ekpo Eyo wa ilẹ̀ ní 1969, ó sì kan àgbàlá kan tí a fi àpáàdì tẹ́, tí a fi ìkòkò yí ká, tí orí ẹranko amọ̀ sísun wà lórí wọn bí ìdérí. Orí erin kan wà nínú wọn, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ ọba lórí rẹ̀. Ní Ọ̀wọ̀, ní 1971, ọkùnrin yìí kan náà hú àwọn ère amọ̀ tí ó ti tó nǹkan bí 500 ọdún ní Igbó'Lájà; ọ̀kan nínú wọn ni ẹkùn tí ó gbé ẹsẹ̀ ènìyàn sí ẹnu. Ẹni tí ó mọ ẹkùn yẹn ti rí ẹkùn. Bóyá ó ti sá fún un pẹ̀lú. Ní igbó Ọrẹ̀ ní Ifẹ̀, ọ̀nì àti ẹja àrọ̀ tí a fi òkúta líle gbẹ́ wà láàárín igi, gẹ́gẹ́ bí Hawkins ti to tirẹ̀ sí etí omi ní Sydenham, ṣùgbọ́n tiwa ti wà níbẹ̀ kí a tó bí bàbá bàbá Hawkins. Àti pé ọ̀nì wa kò ní ìwo ní imú.

Nígbà tí Leo Frobenius ará Jámánì dé Ifẹ̀ ní 1910, tí ó rí àwọn orí ènìyàn tí ó jọ alààyè, ó ní iṣẹ́ dúdú kọ́, pé ó ní láti jẹ́ àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ láti ilẹ̀ kan tí òkun bò mọ́lẹ̀ ni ó mú ọgbọ́n náà wá. A ti rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ tí ó ti sọ ọ́. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti ọmọ ìgbìmọ̀ wa?

Ó kù apá kan tí a ní láti jẹ́wọ́ fún wọn, nítorí òótọ́ ni: ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹranko tí àwọn agbẹ́gilére wa ń gbẹ́ kò jọ alààyè gẹ́lẹ́. Ẹṣin tí Olówè gbẹ́ kéré lábẹ́ ẹni tí ó gùn ún, ẹsẹ̀ ẹlẹ́ṣin fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ṣé Olówè kò rí ẹṣin rí ni? Ẹni tí ó gun ẹṣin ni ó fẹ́ kí a wò. Ẹyẹ orí ọ̀pá Ọ̀sanyìn tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń rọ kò ní ìyẹ́ tí a lè kà, ṣùgbọ́n kò sí ọmọdé tí yóò bi ọ́ pé kí ni èyí. Àwọn bàbá wa mọ ìgbà tí jíjọ yẹ, wọ́n sì mọ ìgbà tí kò yẹ. Wọ́n ń yàn. Ẹni tí ó ra ti mọ́ọ̀dù kò yan ohunkóhun bí kò ṣe iye owó.

Kìnnìún nìkan kọ́ ni ìjà wa, bí a ti wí. Àwọn aládùúgbò wa ní Dànhọ̀mẹ̀, tí wọ́n jẹ́ ọ̀tá wa nígbà kan rí, fi kìnnìún sí ara ògiri ààfin wọn ní Abomey. Ṣùgbọ́n kìnnìún náà ni Glele, ọba wọn láti 1858 sí 1889, gẹ́gẹ́ bí ẹfọ̀n ti jẹ́ Ghezo, tí ẹja ekurá sì jẹ́ Behanzin. Ẹni tí ó bá ń kọjá lọ lẹ́bàá ògiri náà ń ka ìtàn ìlú rẹ̀. Bákan náà ni a kò ní sọ̀rọ̀ òdì sí àwọn bíríkìlà wa àtijọ́, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn mọ kìnnìún símẹ́ńtì sí iwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn tí ó ti Bùràsíìlì dé kọ́ wa ní kíkọ́. Kìnnìún wọn ń rẹ́rìn-ín nígbà mìíràn, ó sì dà bí ológbò; ṣùgbọ́n tiwọn ni, owó iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ oúnjẹ fún ọmọ wọn. Láti inú irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni Adébísí Àkànjí ti jáde, bíríkìlà ará Òṣogbo, tí òun àti Susanne Wenger, ẹni tí a ń pè ní Àdùnní, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, fi irin àti símẹ́ńtì mọ àwọn ère inú igbó Ọ̀ṣun. Ní 2005 ni UNESCO kọ igbó náà sínú ìwé àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Àwọn àlejò ń wọ ọkọ̀ òfuurufú wá wò ó. Ta ni yóò wọ ọkọ̀ òfuurufú wá wo kìnnìún fáíbà, tí irú rẹ̀ wà ní ìdí ilé oúnjẹ ní ìlú tirẹ̀?

Àwọn kan ń sọ pé bí a bá gbé ẹkùn kalẹ̀ sí oríta, yóò di òrìṣà, pé àlùfáà àti àáfà yóò bínú. Ó yà wá lẹ́nu. Ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ jùlọ fún wa ní kìnnìún méjì ní ẹnu géètì rẹ̀ àti idì kan lórí òrùlé. Bí ti àlejò kò bá di òrìṣà, báwo ni ti onílé yóò ṣe dà á?

Ẹ jẹ́ kí á sọ̀rọ̀ owó díẹ̀, nítorí a mọ̀ pé akápò ìgbìmọ̀ náà yóò ka ìwé yìí. Fáíbà kò fẹ́ràn oòrùn wa. Ọ̀dà rẹ̀ yóò ṣá, ara rẹ̀ yóò sán, ihò yóò sì là sí i. Bí ó bá ti là, kò sí ẹni tí ó lè tún un ṣe ní ìlú náà, nítorí pé mọ́ọ̀dù rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Símẹ́ńtì pàápàá ní àrùn tirẹ̀: bí omi bá rí ọ̀nà dé ibi tí irin wà nínú rẹ̀, irin a dípẹtà, a wú, a sì fọ́ ara ère láti inú wá. Ṣùgbọ́n bíríkìlà tí ó mọ ọ́n wà ní àdúgbò, a lè ránṣẹ́ pè é. Ti òkúta àti ti idẹ, ẹ bi àwọn ará Ifẹ̀ léèrè bí ó ti pẹ́ tó.

Àwọn tí ó lè ṣe é kò wọ́n wa. Wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ère ní Yábàá, wọ́n ń kọ́ ọ ní Ifẹ̀, wọ́n ń kọ́ ọ ní Auchi. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó jáde ń ya àmì ilé ìtajà fún oúnjẹ òòjọ́. Ẹ pe wọ́n. Ẹ fún wọn ní àyè láti lọ wo ẹranko náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ní ọgbà ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn ni. Ẹ sì jẹ́ kí ẹranko náà jẹ́ èyí tí ìlú náà ni. Òṣogbo ní ẹja tí ó sọ Àtáọ́ja ní orúkọ, ẹni tí ó tẹ́ ọwọ́ tí ó fi gba ẹja lọ́wọ́ odò. Ìwó ní odídẹrẹ́. Ifẹ̀ ní adìẹ tí ó tan ilẹ̀ ayé ká, ẹlẹ́sẹ̀ ìka márùn-ún, èyí tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọdé kò sì rí àwòrán rẹ̀ rí. Ìbàdàn ní ìgbín, nítorí pé òun àti èso òro ni àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ dó jẹ nígbà ìpọ́njú wọn lórí òkè. Àwa kò sì rí ìdí tí ìgbín ńlá kan, tí a gbẹ́ dáadáa láti inú òkúta, kò fi lè jókòó sí oríta ní Ìbàdàn ju kìnnìún tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kí ó rẹ́rìn-ín. Yóò bi wá léèrè ìdí rẹ̀ kí ó tó dé ilé, a ó sì sọ ọ́ fún un.

A ti fi ẹ̀dà ìwé yìí ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ ìlú tí ọ̀ràn náà kàn, pẹ̀lú orúkọ àwọn agbẹ́re mẹ́ta tí wọ́n jẹ́ ọmọ agbègbè náà gan-an. Owó kò tí ì kúrò nílé. Alága wọn dá wa lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé wọn yóò tún jókòó lé ọ̀rọ̀ náà kí oṣù yìí tó tán. Èsì tí ó bá ti ibẹ̀ jáde, a ó tẹ̀ ẹ́ sí ojú ewé yìí. Ní àkókò yìí kan náà, a bẹ àwọn òǹkàwé wa tí ẹranko òkúta tàbí ti amọ̀ bá wà ní igbó ìlú wọn, tàbí ní ojúbọ ìdílé wọn, kí wọ́n kọ̀wé sí akọ̀wé ẹgbẹ́: irú ẹranko tí ó jẹ́, ohun tí a fi ṣe é, ohun tí àwọn àgbà sọ nípa rẹ̀, àti bóyá òjò ń pa á. Kí wọ́n má ṣe kọ ibi tí ó wà gan-an sínú lẹ́tà náà, nítorí àwọn olè tí ń ta ère fún òyìnbó pẹ̀lú mọ ìwé kà.